Etí Akọ Ehoro

"Bàbá wọn, o gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi fún eléhoro, o fi gba akọ ehoro! Ṣé ehoro á máa bá mi ránṣọ ni? Wo ọmọ tí akọ rẹ bí!"

Òkú ọmọ ehoro márùn-ún ni ìyàwó ń nà sí ọkọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ gbogbo wọn ló wọ́.

"Rọra, ìyá wọn. Ẹbí kan náà ni gbogbo ehoro wa tẹ́lẹ̀, ni wọn ò ṣe tóbi. Àjèjì lèyí. Tó bá tún gun abo wa, àwọn ọmọ wa á jẹran."

"Àjèjì?"

Ìyàwó fa akọ náà jáde, ó yí etí òsì rẹ̀ síta. Ojú gígé méjì ló wà níbẹ̀.

Ọkọ fọwọ́ kan ojú gígé náà. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń gé etí ọmọ tí abo wọn bá bí nìyẹn, kó lè dá wọn mọ̀.

"Èyí tí o tà fún eléhoro lọ́dún tó kọjá ni. Ìyá tó bí i lo ní kó gùn."