Orúkọ Ọkọ

“Òrìṣàdìpẹ̀!” ni obìnrin náà tún pè lójú gbogbo ilé.

Oníṣègùn tí wọ́n pè wá sí Olódò láti wo wèrè rẹ̀ gbé igbá àgbo kalẹ̀ tìbínútìbínú. Asofẹ́yẹjẹ tó ń mú wèrè tí ń sọ òkò sùn fọnfọn kò ran ti obìnrin yìí. Ìyàwó wo ló ń la ẹnu pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ gbàgàdà?

“Àlùjànnú ni,” ni àlùfáà Mùsùlùmí tí wọ́n pè pẹ̀lú wí. “Ẹ jẹ́ kí n fọ wàláà fún un mu.”

“Àlùjànnú kọ́, ọwọ́ ayé ni,” ni ìyá Òrìṣàdìpẹ̀ dá a lóhùn.

“Ọpọlọ ló dàrú!” ni oníṣègùn jágbe. “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sinmi ariwo!”

Òrìṣàdìpẹ̀ alára sorí kọ́. Jagunjagun ni. Nígbà tí wọ́n fọ́ Ìjàyè ló mú obìnrin náà lẹ́rú, tó sì fi ṣaya.

Oníṣègùn lé gbogbo wọn jáde, ó wá lóṣòó síwájú obìnrin náà. Egbòogi ti tán lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ọmọ mi, ṣé o ò mọ̀ pé èèwọ̀ ni kí obìnrin máa dárúkọ ọkọ rẹ̀ ni?”

“Mo mọ̀, baba.”

“Ó dáa. Kí lorúkọ ọkọ rẹ?”

Obìnrin náà yára fọwọ́ bo ẹnu. Omi lé ròrò sí i lójú.

“Ẹ má bínú, baba, mi ò lè pè é. Ìjàyè ni wọ́n pa á sí, ṣùgbọ́n ọkọ mi ni.”