Ọbẹ̀ Wendell ní Aṣálẹ̀

Eruku aṣálẹ̀ Nevada ń bo àgọ́ wọn, síbẹ̀ Wendell ò kúrò nídìí ìkòkò.

"Wendell, ijó la bá wá síbi àjọ̀dún yìí o, kì í ṣe ọbẹ̀!" Gus tí àgọ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yìí ni Wendell fi ń dáná àràǹbarà nílé. "Ó dùn, olówó orí mi," ni Corinne ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ. Síbẹ̀, ọkàn Wendell ò balẹ̀. Òótọ́ ló fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀.

Ó bu ọbẹ̀ fún un.

Corinne tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù.

"Wendell! Ṣé o fẹ́ fi iyọ̀ pa mí ni?"

Wendell kúnlẹ̀ sínú eruku, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Láti ìgbà tí oògùn jẹjẹrẹ ti pa ahọ́n Corinne, òní ló kọ́kọ́ mọ̀ pé iyọ̀ wà lọ́bẹ̀.