Ihò Kẹrin Tí Bólúwají Fagi Lé

Bólúwají kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tó bá pè é lọ́lẹ parọ́ mọ́ ọn. Àrùn tirẹ̀ ni pé ohun tí kò bá wù ú láti yẹ̀ wò, kíá ni yóò ti sọ pé kò pọn dandan. Iwájú ṣẹ́ẹ̀tì nìkan ló máa ń lọ̀. Ó ní kóòtù á bo ẹ̀yìn, ta ló ń wo ẹ̀yìn?

Ẹnjiníà ni, ọmọ Iléṣà, ní ilé iṣẹ́ kékeré kan láàárín ìgboro Johannesburg, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ínfátà, àpótí tó ń fi bátìrì tan iná nígbà tí wọ́n bá mú iná ìjọba lọ. Orúkọ ilé iṣẹ́ yìí ló wà lára ìwé àṣẹ tó fi ń gbé ìlú náà: bí iṣẹ́ bá bọ́, àṣẹ bọ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó ń rìn bí ẹni tí bàbá rẹ̀ ló dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀.

Ihò mẹ́rin ni wáyà ń gbà wọ inú ínfátà tuntun wọn. Àwọn oníṣẹ́ ń pè é ní pọ́ọ̀tù. Ọ̀kan fún iná ìjọba, ọ̀kan fún iná tó ń lọ sínú ilé, ọ̀kan fún bátìrì, ìkẹrin fún ojú ìwò kékeré tó ń sọ bí bátìrì ṣe kù sí. Kí wọ́n tó tà á, wọ́n gbọ́dọ̀ wọn ariwo tó ń ti ihò kọ̀ọ̀kan jáde: ariwo tí etí ọmọ ènìyàn kò gbọ́, àmọ́ tó ń di rédíò àti gbogbo ohun aláìníwáyà létí. Àyè kan péré ni òfin fi sílẹ̀: ihò tí wáyà rẹ̀ kò bá ní gùn ju mítà mẹ́ta lọ, ẹ lè fò ó. Bólúwají ló máa pinnu èyí tí wọ́n máa wọ̀n.

Ó wo wáyà tó wà lórí tábìlì rẹ̀. Mítà kan. Ó fagi lé ihò kẹrin.

Fasilat, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, yọjú wo ìwé náà. "Ẹ̀gbọ́n, ìwé tí à ń fún oníbàárà ní wọ́n lè fa wáyà yìí dé ogún mítà o."

"Ta ló ń ka ìwé yẹn? Ìwọ náà, ṣé o ka ti fóònù rẹ?"

"N ò kà á. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí ìbuwọ́lùwé mi lára fóònù."

"Tí ihò yìí bá lọ kùnà, oṣù mẹ́ta la máa fi tún un ṣe. Ọ̀gá ń dúró. Shap, ó ti parí."

Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé wáyà náà kò ní gùn ju mítà mẹ́ta láéláé, ó sì buwọ́ lù ú. Ọ̀gá, ẹni tí kì í ka ìwé tó bá ju ojú kan lọ, gbá a lẹ́yìn gbàmù pé akọni ni.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní àdúgbò Bertrams ra ọ̀kan. Wọ́n gbé e sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n wá fa wáyà ojú ìwò rẹ̀ dé orí tábìlì nọ́ọ̀sì: mítà méjìdínlógún. Kò pẹ́ tí Damaris, nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀, tí òun àti Bólúwají jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ní Berea, fi pè é.

"Ẹnjiníà, láti ìgbà tí àpótí yín ti dé, aago aláìníwáyà tí àwọn bàbá wa ń tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kì í dún mọ́."

Bólúwají mọ ihò tó ń sọ̀rọ̀. "Sister, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ rédíò àwọn aládùúgbò ni."

"Rédíò wo? Àwọn aládùúgbò wa ò tíì jí láti àná!"

Ó sáré lọ, ó yọ wáyà náà, ó ní ojú ìwò ti bàjẹ́, kí wọ́n fi sílẹ̀. Aago dún. Ibẹ̀ ni ìbá ti jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n bó bá sọ̀rọ̀, ìbuwọ́lùwé rẹ̀ á mú un. Bó bá dákẹ́, wáyà ṣì wà nílẹ̀. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ó yan dídákẹ́, ó tún dúró gba àdúrà ọpẹ́ tí Damaris gbà fún un.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹni tó ń gbálẹ̀ rí wáyà tó ń fì dirodiro, ó fi inú rere tì í bọ ihò padà. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí fún un. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Bàbá Ẹnìtàn, ọ̀kan nínú àwọn arúgbó ibẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tẹ aago pé òun fẹ́ tọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀. Ìgbà tí kò rẹ́ni, ó dá dìde, ó ṣubú, egungun itan rẹ̀ sì ṣẹ́. Oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n ń kó nílẹ̀ nígbà tó ṣubú. Ìgbà tí wọ́n gbé tíì ìrọ̀lẹ́ wá ni wọ́n tó rí i.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Damaris fẹjọ́ sun ilé iṣẹ́, wọ́n sì gbé irú ínfátà náà lọ sí yàrá ìdánwò, ihò kẹrin sì ń bú bí ẹni pé ó ti ń retí wọn. Níwájú ọ̀gá, Fasilat gbé ìwé tí Bólúwají buwọ́ lù kalẹ̀. Damaris ló sọ̀rọ̀.

"Nígbà tí mo pè ọ́, o ti mọ̀?"

Bólúwají nawọ́ sí ìwé náà, Damaris fà á kúrò.

"Ká ní o sọ fún wa ni, ìṣẹ́jú kan la ò bá fi gé wáyà yẹn sọnù."

Wọ́n kó gbogbo àpótí náà padà. Wọ́n lé Bólúwají, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì kú lọ́jọ́ tí iṣẹ́ kú. Ní báyìí, yàrá kan ló há sí ní Berea. Kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Kò lè lọ sílé, nítorí ó ti sọ fún gbogbo Iléṣà pé òun ni igbákejì ọ̀gá. Kò sì lè dé ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí Damaris. Ìyá rẹ̀ pè é lọ́jọ́ Àìkú: "Bólú, ìgbà wo lò ń bọ̀?" Ó ní, "Màámi, iṣẹ́ pọ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fi Bólúwají rẹ́rìn-ín, ẹ rọra. Gbogbo wa la ní ihò tí a fagi lé, tí a ní kò sẹ́ni tó máa débẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí a kò yẹ̀ wò kò torí bẹ́ẹ̀ dára. Bí àṣìṣe bá sì ti ọwọ́ wa jáde, ọjọ́ tí ìtìjú nìkan ló máa ná wa ni ká ti jẹ́wọ́. Bó bá di ọjọ́ kejì, itan ẹlòmíràn ló máa ń san án.