118 Lórí 76, Nígbà Mọ́kànlélọ́gbọ̀n

Ẹ má fo èyí, ẹ má sì dúró lágbedeméjì: ẹ kà á dé gbólóhùn tó kẹ́yìn. Corinne Haldorsen ni wọ́n ṣẹ̀, ní ìlú Duluth ní Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹrin ọdún 2022 títí di oṣù kọkànlá ọdún 2024. Àwọn tó ṣẹ̀ ẹ́ ò fọwọ́ kàn án rí. Wọn ò tiẹ̀ rí i lójúkojú.

1.
Iṣẹ́ Corinne ni kó máa dáhùn ìpè pàjáwìrì. Tí ilé bá ń jó, tí ẹnì kan bá ṣubú lulẹ̀ tí kò mí mọ́, òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ panápaná tàbí ọkọ̀ ilé ìwòsàn tó dé. Òfin kan ló fi ń kọ́ gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́: "Má kọ ohun tí wọ́n rò. Kọ ohun tí wọ́n rí."

Níbi iṣẹ́, akíkanjú ni. Nílé, ọkàn rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Á gbé omi kaná, á gbàgbé rẹ̀ títí kẹ́tù á fi jó. Á wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò títí, inú fíríìjì ni yóò ti bá a. Nígbà tó pé ọdún mọ́kàndínlógójì, ó bá dókítà kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù fún ìṣẹ́jú méjìlá. Dókítà ní ADHD ni, ìyẹn àìlè fọkàn sí nǹkan kan lọ títí, ó sì kọ oògùn tó ń ta ọpọlọ jí fún un.

Ká má parọ́, oògùn náà ṣiṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, Corinne ká gbogbo aṣọ tó fọ̀, ó jókòó, ó sunkún. Ó pe Thora, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Àṣé báyìí ni orí ẹ̀yin tó kù ṣe máa ń dákẹ́?"

2.
Ilé-iṣẹ́ tí dókítà náà ń bá ṣiṣẹ́ kì í fúnni ní oògùn ju ti oṣù kan lọ. Lóṣooṣù, Corinne ní láti kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù lórí fóònù: Ṣé nǹkan kan yí padà? Mélòó ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín? Òun fúnra rẹ̀ ló ń wọ̀n ọ́n, òun náà ló ń kọ ọ́.

Ọdún kan kọjá. Lóṣù kẹta ọdún 2022, ó rí 149 lórí 96, èyí tó ga jù. Ó kọ ohun tó rí. Ìlà pupa kan yọ lójú fóònù: Ẹ máa retí àyẹ̀wò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò sí oògùn, kò sì sí dókítà tó pè é. Lọ́jọ́ kan, ó rán ọkọ̀ lọ sí apá ìlà-oòrùn òpópónà kan dípò ìwọ̀-oòrùn. Arúgbó tó ń retí ọkọ̀ náà ò kú, àmọ́ díẹ̀ ló kù. Darnell, ọ̀gá rẹ̀, ní, "Corinne, mo fẹ́ràn ẹ, àmọ́ tó bá tún ṣẹlẹ̀, o ò ní jókòó síbí mọ́."

Ó pe ilé-iṣẹ́ náà. Ọkùnrin olóhùn tútù kan ló gbé ìpè náà.

"Mélòó lẹ kọ nígbà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀?"

"118 lórí 76."

"Ìyẹn kì í dá fọ́ọ̀mù dúró o."

"Ṣé kí n kọ ìyẹn ni?"

"Háà, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o! Ohun tí kì í dá fọ́ọ̀mù dúró ni mo sọ."

Corinne kọ 118 lórí 76. Kò pé wákàtí kan, wọ́n ti fọwọ́ sí i.

3.
Wọ́n fi kún oògùn náà lẹ́ẹ̀mejì. Níbi iṣẹ́, wọ́n ń yìn ín. "O mà ti tẹ́ẹ́rẹ́ o! Kí lò ń jẹ?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ló sọ: oògùn náà ò jẹ́ kí ebi pa á mọ́.

Ó ń payín keke lójú oorun títí eyín kan fi fọ́. Àyà rẹ̀ ń lù kìkì lórí ìjókòó. Òkè ẹ̀yìn ilé tó máa ń bá ajá rẹ̀ gùn, ó wá ń dúró sinmi nígbà mẹ́rin kó tó gùn ún dókè. Ìrọ̀rí mẹ́ta ló ń kó sẹ́yìn kó tó lè sùn. Lóṣooṣù, fọ́ọ̀mù á bi í bóyá nǹkan kan yí padà. Á tẹ "Rárá."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Thora wá kí i.

"Corinne, ẹsẹ̀ ẹ wú."

"Ìjókòó ló pọ̀ jù."

Thora mú ẹ̀rọ tí bàbá wọn fi ń wọn ìfúnpá jáde. "Na apá ẹ."

"Rárá."

"Kí ló ń bà ẹ́ lẹ́rù? Ṣé abẹ́rẹ́ ni?"

"Tó o bá wọ̀n ọ́n, màá mọ̀ ọ́n. Tí mo bá sì mọ̀ ọ́n, kí ni mo fẹ́ kọ?"

Thora ká ẹ̀rọ náà padà. Títí dòní, kò tíì dárí ji ara rẹ̀.

4.
Oṣù kọkànlá ọdún 2024, lọ́sàn-án, ọkùnrin kan pè. "Ìyàwó mi ò lè mí dáadáa! Mo rò pé—"

"Ẹ má sọ ohun tẹ́ ẹ rò, ọ̀gbẹ́ni. Kí lẹ rí?"

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ wú. Àyà ẹ̀ ń lù kìkì. Ó ti pẹ́ tó ti ń sùn lórí ìrọ̀rí mẹ́ta, ó ní kò sí nǹkan kan..."

Corinne kọ gbogbo rẹ̀. Kò fi ọkùnrin náà sílẹ̀ títí ọkọ̀ fi dé ẹnu ọ̀nà wọn. Lẹ́yìn náà, ó bọ́ ohun tó wà létí rẹ̀, ó dìde, ó di tábìlì mú.

"Darnell, pe ọkọ̀ míì. Èmi ni wọ́n máa gbé."

Ní ilé ìwòsàn, ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 171 lórí 108. Ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́. Dókítà tó ń tọ́jú ọkàn gba fóònù rẹ̀, ó ń ka àwọn fọ́ọ̀mù náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. 118 lórí 76. 118 lórí 76. Ó kà á dé mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

"Kò séèyàn tí ìfúnpá rẹ̀ máa ń jẹ́ iye kan náà lóṣooṣù. Ta ló ń wo nǹkan wọ̀nyí?"

"Mo rò pé dókítà ni. Ṣé oògùn yẹn ló ṣe é?"

"Mi ò lè búra pé òun nìkan ni. Àmọ́ ó lè gbé ìfúnpá sókè, ó lè mú ọkàn sáré. Ìdí tó fi yẹ kẹ́nì kan máa ṣọ́ yín nìyẹn. Ká ní wọ́n ṣọ́ yín ni, à bá ti tètè rí i."

5.
Corinne ò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n ti dá oògùn náà dúró, ariwo inú orí rẹ̀ ti padà dé, òkè ẹ̀yìn ilé sì di ohun tó ń fi ojú wò láti ojú fèrèsé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo irú oògùn yìí, ẹ má torí ìtàn yìí dà á nù fúnra yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ràn lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wọn ìfúnpá yín, ẹ jẹ́ kó fetí sí ọkàn yín, lọ́dọọdún, bó ti wù kí ara yín le tó. Ẹ má kọ nọ́ḿbà tí ẹ ò rí. Ẹ má sì gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fìyà jẹ yín torí pé ẹ sọ òótọ́.

Corinne purọ́, kò sì sẹ́ ẹ. Àmọ́ ẹnì kan ló buwọ́ lu irọ́ náà lóṣooṣù. Ìgbà márùn-ún ni Corinne ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì wà nínú ìwé márààrún. Wọn ò tíì fèsì. A tún ń béèrè rẹ̀ níbí, níṣojú gbogbo yín:

Kí ni orúkọ dókítà tó wo 118 lórí 76 nígbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tó sì buwọ́ lù ú?