Wàrà Àjẹsùn Ìkookò

Àlọ́ mi kò lọ jìnnà, ẹnu ihò Ìkookò alájẹkì ló ti kọsẹ̀.

Lálaalẹ́ ni Ìkookò máa ń jẹ wàrà tó bá jí gbé ní gáà Fúlàní kó tó sùn. Bó bá ti sùn, á lálàá pé ẹnìkan jókòó lé òun láyà, á sì máa ké. Ìyá rẹ̀ arúgbó ló máa ń fi orin jí i:

"Ọmọ mi, ṣé o jí o?"

"Mo jí, ìyá mi, mo jí."

Lọ́jọ́ kan, Ìkookò ní, "Ìyá, ẹ̀yin ni mo máa ń rí nígbàkígbà tí mo bá lajú. Ẹ̀yin lẹ̀ ń jókòó lé mi láyà. Àjẹ́ ni yín!"

"Ọmọ mi, wàrà ni. Má jẹ ẹ́ sùn mọ́."

"Ẹ tún fẹ́ fi oúnjẹ dù mí?"

Aláìmoore yìí lé ìyá tó bí i sínú òjò. Òtútù pa á kí ilẹ̀ tó mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ọkàn Ìkookò balẹ̀, ó jẹ wàrà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹni ojú àlá náà tún gun àyà rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbe orin lójú oorun: "Mo jí, ìyá mi, mo jí." Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dá orin náà, kò sì jí mọ́.

Ẹni tó bá ní mo parọ́, kó lọ pe Ìkookò, ká gbọ́ bó bá máa dáhùn.