Itọ́ Níwájú Pẹpẹ

Kí Mọ́rènikẹ́ tó lè gba Ara Olúwa lọ́jọ́ Àìkú náà, ó ní láti kọ́kọ́ tutọ́ sínú ife kékeré tí wọ́n ti bu oògùn àyẹ̀wò sí, bí gbogbo obìnrin ìjọ ti ń ṣe. Bí itọ́ bá funfun, o lè kọjá. Bó bá pọ́n, oògùn ìfètòsọ́mọbíbí wà lára rẹ nìyẹn; ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ọ́, padà sẹ́yìn. Òórùn itọ́ àwọn tó ṣáájú gba gbogbo iwájú pẹpẹ.

Àwọn ọkùnrin kì í tutọ́. Adégòrìóyè ọkọ rẹ̀ ti gba tirẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń pọ́n ètè lá. Títílọpẹ́, àlè tó lóyún fún un, tutọ́. Ó funfun báláú.

"Kọjá, ọmọ Ọlọ́run," ni Bàbá Kátíkísì, olùkọ́ ìjọ tó ń yẹ ife wò, wí.

Mọ́rènikẹ́ tu tirẹ̀. Ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

"Háà! Ìyá Áńjẹ́là, ẹ̀yin náà?"

"Oyún tó kẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí mi, Bàbá. Dókítà ní n ò gbọdọ̀ lóyún mọ́."

"Kí ẹ yẹra fún ibùsùn ọkọ yín nígbà náà."

"Mo kọ́kọ́ yẹra. Ẹ wo ibi tó gbà lọ." Ó nawọ́ sí ikùn Títílọpẹ́.

Bàbá Kátíkísì gbójú kúrò, ó ti ife mìíràn sí i. "Ẹ tún un tu."

Mọ́rènikẹ́ kó itọ́ jọ sẹ́nu dáadáa. Kò wo ife. Ó rìn tọ ọkọ rẹ̀ lọ níbi tó kúnlẹ̀ sí, ó sì tu gbogbo rẹ̀ sí i lójú.

Lójú ọkùnrin, itọ́ náà kò pọ́n rárá.