Níbi Tí Fadékẹ́mi Ti Ń Kúnlẹ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, àpótí ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n fi ń fa èéfín kẹ́míkà olóró jáde ní yàrá tí wọ́n ti ń po oògùn, ló kọ́kọ́ jẹ́rìí ara rẹ̀: "Mò ń fà dáadáa. Mi ò lábùkù." Ṣùgbọ́n òfin ní ẹni tí Ọlọ́run mí èémí sí nímú gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i.

Bàbá Olúmúyìwá, olùyẹ̀wò, tan èéfín funfun tí kì í pani lára, ó sì dúró níwájú àpótí náà. Gbogbo èéfín wọlé lọ.

Fadékẹ́mi tó ń po oògùn níbẹ̀ wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá níwájú àpótí náà. "Ẹ káàárọ̀, sà." Ó sì wúkọ́.

"Ṣé ibí lo ti máa ń kúnlẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà, bí mo bá tiẹ̀ ń po oògùn lọ́wọ́. Ta ló bí mi tí màá kí àgbà lóòró?"

Bàbá ṣí fìlà, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀. Imú rẹ̀ bá ẹnu àpótí dọ́gba.

"Háà, Bàbá! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́!"

Kò dìde. Èéfín funfun tó ṣì ń rú yọ lábẹ́ gíláàsì iwájú àpótí, ó bò ó lójú.

Ó dìde, ó ti àpótí náà pa. "Ẹnikẹ́ni ò ní ṣiṣẹ́ níbí mọ́ títí wọn yóò fi tún un ṣe. Ìwọ, lọ rí dókítà lónìí."

Fadékẹ́mi fẹ́ dúpẹ́, orúnkún rẹ̀ sì ti ń tẹ̀. Bàbá di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé e dúró.